Nígbà Tí Wáyà Gba Ipò Kébù Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Awakọ̀

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́rin dá owó epo jọ, a gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ ọ̀kan nínú wa, ó di ọ̀nà Ìbàdàn. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí wàhálà fi dé. Ọkọ̀ kò kú o. Iná check engine ló tàn, a tẹ pẹ́dàlì títí ó fi kan ilẹ̀, ọkọ̀ kàn ń rọra wọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ rí ki skana bọ̀ ọ́, ó ka àmì P2138, ó ní pẹ́dàlì ti bàjẹ́, ká lọ ra òmíràn. Iye tó pè é ju gbogbo owó tó wà lápò wa lọ. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé pẹ́dàlì lè ní àmì àìsàn nínú kọ̀ǹpútà. Ṣé kì í ṣe irin lásán ni?

Irin lásán ni tẹ́lẹ̀ lóòótọ́. Láyé kabúrétọ̀, okùn irin kan ló so pẹ́dàlì mọ́ throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọ ẹ́ńjìnnì. Kébù ni àwọn mẹkáníìkì ń pe okùn yìí. Ẹ tẹ pẹ́dàlì, kébù fà, ilẹ̀kùn ṣí. Kébù lè já, ó lè há, sípíríǹgì tó ń dá ilẹ̀kùn padà sì lè dẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń rí àìsàn náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, ó sì di dandan kó mọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe ṣí tó. Ni wọ́n bá fi sẹ́ńsọ̀ kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà ń fún sẹ́ńsọ̀ yìí ní volt 5. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, nǹkan bí 0.5 ló ń dá padà. Tó bá ṣí tán, á sún mọ́ 4.5. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí lásán ni. Tó bá purọ́, ọkọ̀ á máa já gìrìgìrì, epo á máa ṣòfò, síbẹ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn.

BMW wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ kébù kúrò. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n fi mọ́tò kékeré tó ń lo iná ṣí throttle nínú 750i, ọkọ̀ ńlá wọn tó ní sílíńdà 12. Corvette gbà á ní 1997, Camry ọdún 2002 tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà náà sì gbà á. Ìdí rẹ̀ kò le: tí kọ̀ǹpútà bá lè ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, òun náà ni yóò máa di eré ọkọ̀ mú lójú ọ̀nà gígùn, tí yóò máa dín agbára kù nígbà tí táyà bá ń yọ̀, tí yóò sì máa ṣètò ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Ìgbà yẹn ni sẹ́ńsọ̀ kúrò ní ẹlẹ́rìí, ó di ẹni tí à ń rán níṣẹ́. Tí ìránṣẹ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì purọ́, ọkọ̀ lè fò lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi méjì sí pẹ́dàlì, méjì sí throttle. Kọ̀ǹpútà ń fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wéra nígbà gbogbo. Tí wọn kò bá bára mu, yóò dín agbára ọkọ̀ kù títí wọ́n á fi tún un ṣe. P2138 ni ìjà àwọn ti pẹ́dàlì, P2135 ni ti throttle. Ẹ kíyèsí i: àmì náà ń sọ pé ọ̀rọ̀ méjì kò bára mu. Kò sọ ẹni tó ń purọ́, kò sì sọ bóyá ọ̀nà ni iṣẹ́ tí a rán wọn ti bàjẹ́.

Iyèméjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí mi gbogbo Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ènìyàn mẹ́rin kú nítòsí San Diego nínú Lexus ES 350 tó kọ̀ láti dúró. Ìwádìí fi hàn pé ẹní ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà ló há pẹ́dàlì mọ́lẹ̀. Toyota pe ọkọ̀ lọ́nà mílíọ̀nù padà fún àtúnṣe, nítorí ẹní àti nítorí pẹ́dàlì tó ń há. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni. Ìjọba ní kí NASA wá yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn àwọn tó ń rán ènìyàn lọ sójú ọ̀run. Ní oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n ní àwọn kò rí àbùkù kọ̀ǹpútà tó lè fa irú eré àsápajúdé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pé àìrí rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò lè ṣẹlẹ̀. Èyí tó wú wa lórí jù ni ohun tí wọ́n bá nínú pẹ́dàlì Camry kan tó ti bàjẹ́: irun tín-ín-rín tó hù fúnra rẹ̀ lára irin tin, tó sì ṣe afárá láàárín ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì. Irun lásán! Ní 2013, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Oklahoma tún dá Toyota lẹ́bi lórí Camry 2005 kan, lẹ́yìn tí ògbógi kan sọ pé ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní àbùkù. Lójú tiwa, ìgbẹ́jọ́ yẹn kò sọ NASA di òpùrọ́, NASA kò sì sọ ìgbẹ́jọ́ yẹn di asán.

Ìran Camry tí NASA yẹ̀ wò náà ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní Big Daddy. Òkun ni wọ́n gbà wọlé wá bá wa, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lórí kébù ni wọ́n sì bọ́ sí. Ìdí nìyí tí àmì skana fi máa ń di ìwé ọjà tí wọ́n fi ń rán ènìyàn lọ sí Ládípọ̀. Tí Belgium tí ẹ rà kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ẹ ra òmíràn.

Bàbá réwáyà kan ló gbà wá. Kò wo skana rárá. Ó yọ ìdí wáyà pẹ́dàlì, ó fi mítà wò ó bóyá volt 5 ń dé ibẹ̀, ó sì wo wáyà ilẹ̀. Méjèèjì pé. Ó dá a padà, ó ní kí ọ̀kan nínú wa máa rọra tẹ pẹ́dàlì, òun náà ń wo sẹ́ńsọ̀ kìíní, ó ń wo èkejì. Àwọn méjèèjì ń gòkè geere. Ló bá di ìdìpọ̀ wáyà mú, ó gbọ̀n ọ́n, ọ̀kan sì já wálẹ̀ lójijì. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, pẹ́dàlì yín ò ṣe nǹkan kan,” ni Bàbá wí. Ó ya ìdìpọ̀ náà títí ó fi kan ibi tí omi ti jẹ wáyà di àwọ̀ ewé. Ó gé e, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ó dì í, ó pa àmì rẹ́.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó owó epo tí a dá. Pẹ́dàlì ọjọ́sí ṣì ni ọkọ̀ náà ń lò.