Sọ́kàwéè Tó Jìn Kọ́ Ló Dára Jù

Èrò kan ti mọ́ àwọn onílé lára láti Ìkàtẹ́ títí dé Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, lágbègbè Lekki ní Èkó: pé bí sọ́kàwéè bá ṣe jìn tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó kún. Bíríkìlà mìíràn a tiẹ̀ máa fi yangàn pé òun gbẹ́ ẹ débi tí omi ti sun. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Táǹkì ilé ìgbẹ́ yàtọ̀ sí sọ́kàwéè. Inú táǹkì ni ìdọ̀tí ti ń rọlẹ̀, tí ọ̀rá ń léfòó, tí àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ń jẹ ẹ́. Mouras, ará Faransé tó gbàwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1881, àti Cameron tó ṣe tirẹ̀ ní Exeter ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895, inú omi ni àwọn méjèèjì fi ìdọ̀tí sí. Táǹkì tó kún dé ojú páìpù ìjáde, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Èyí tí omi rẹ̀ ń fà wálẹ̀ ló ń jò.

Sọ́kàwéè ló ń fa omi tó bá jáde nínú táǹkì fún ilẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ló sì ń fẹ́, torí iyanrìn tí afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀ ló ń sẹ́ kòkòrò àrùn. Lekki ńkọ́, tí ọ̀sà wà lápá kan, tí òkun wà lápá kejì? Lásìkò òjò, níbi tó bá rẹlẹ̀, ṣọ́bìrì díẹ̀ ni omi á ti rú jáde. Kòtò jíjìn níbẹ̀, inú omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń tú ìgbẹ́ sí tààrà. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí lónìí, kò pẹ́ tó tún kún: omi ilẹ̀ lẹ sanwó fún. Kódà, bí wọ́n bá fa táǹkì gbẹ pátápátá nígbà òjò, omi ìsàlẹ̀ lè gbé e sókè bí ọkọ̀ ojú omi, kí páìpù já.

Kànga-dẹ̀rọ tún wà nínú ọgbà kan náà. Mítà 30 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń fẹ́ láàárín òun àti sọ́kàwéè, bẹ́ẹ̀ pulọ́ọ̀tì Èkó kò sábà ju mítà 18 ní fífẹ̀ àti 36 ní gígùn lọ. Ẹ sá fún tiyín, ti aládùúgbò wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ẹ má sì wo ti pé omi mọ́ gaara, kòkòrò inú ìgbẹ́ bí E. coli kì í yí àwọ̀ omi padà.

Fífẹ̀ ló yẹ kí sọ́kàwéè fẹ̀, kó má jìn, kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Kí omi òrùlé má wọ̀ ọ́, kí mọ́tò má gùn ún. Ìzáàlì tí wọ́n ń dà sí táǹkì ń pa àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni. Bí ẹrọ̀fọ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta táǹkì, ẹ fà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí omi bá sì ti sún mọ́ ojú ilẹ̀ jù, ẹ̀rọ tó ń tún omi ìdọ̀tí ṣe, tí gbogbo ẹ̀sítéètì dáwó rà, ló kù.