Orúkọ Wo Ló Yẹ Iṣẹ́ Inú Sẹ́ẹ̀lì?

"Amúaradàgbà" lọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pe purotéènì tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Orúkọ náà dára fún oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò bá wa dé inú sẹ́ẹ̀lì. Hẹmoglóbíìnì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, purotéènì ni. Ínsúlíìnì tó ń kápá ṣúgà, purotéènì ni. Mímú ara dàgbà kọ́ ni olórí iṣẹ́ wọn. Kí amúaradàgbà dúró sí ìdí oúnjẹ, kí purotéènì máa jẹ́ orúkọ nǹkan náà gan-an. Àwọn ìṣe tó ń sọ ọ́ di odidi ló ń wá orúkọ Yorùbá.

Àwọn àgbà ti la ọ̀nà. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀. Ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìlọrin, ṣe olóòtú apá kejì ìwé èdè-ìperí Yorùbá. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé yẹn wà fún, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ wúlò níbí: mú ọ̀rọ̀-ìṣe, fi àfòmọ́ sí i, orúkọ dé.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wò. Sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ da jíìnì kọ sórí RNA ìránṣẹ́. Ìdàkọ nìyẹn, kò le. Ìgbésẹ̀ kejì, níbi tí wọ́n ti ń ka àdàkọ yẹn sí èdè ásíìdì àmínò, àwọn ẹyọ tí a fi ń mọ purotéènì, ló gba àròjinlẹ̀. Bí a bá pè é ní ìtumọ̀, ọmọ á bi wá pé kí ni jíìnì wá túmọ̀ sí. Ògbufọ̀ ni mo fara mọ́, torí RNA kékeré kan wà tó gbọ́ èdè ìhà méjèèjì: orí rẹ̀ kan ń ka lẹ́tà mẹ́ta lára àdàkọ, orí kejì gbé ásíìdì àmínò tó bá a mu dání. RNA ògbufọ̀ lòun.

Ráíbósóòmù, ẹ̀rọ tó ń mọ purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, á wá máa to àwọn ásíìdì náà tẹ̀léra. Ìlọrin, ìlú tí òkìkí ìlẹ̀kẹ̀ lántánà rẹ̀ kàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò ní wá ọ̀rọ̀ jìnnà fún èyí: sísín ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀fìnkìn là ń wí, ìsínpọ̀ ni ká pè é. Bí ẹyọ kan bá ṣì, okùn ti yàtọ̀. Nínú okùn bẹ́tà hẹmoglóbíìnì, tó ní ẹyọ 146, ẹyọ kẹfà nìkan ló yí padà, tó sì ń fa fòníkú-fọ̀ladìde.

Ohun tó kàn lẹ́yìn ìsínpọ̀, àwọn kan fẹ́ pè é ní àtúnṣe. N kò gbà, torí kò sí ohun tó bàjẹ́. Àṣepé ni. Ẹ wo ínsúlíìnì: ẹyọ 110 ni wọ́n sín. Ẹyọ 24 àkọ́kọ́ jẹ́ àmì-ọ̀nà tó ń darí rẹ̀ wọ yàrá ìkápọ̀ (endoplasmic reticulum). Ìmọ̀ àmì bẹ́ẹ̀ ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Günter Blobel ní 1999. Wọ́n gé àmì náà, wọ́n ká okùn, wọ́n fi ìdè imí-ọjọ́ mẹ́ta dè é. Ó kọjá sí apá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Golgi, níbi tí wọ́n ti dì í sínú àpò. Camillo Golgi, ará Ítálì tó ṣàpèjúwe ibẹ̀ ní 1898, ló ni orúkọ yẹn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tú orúkọ ènìyàn. Nínú àpò ni wọ́n ti gé àárín okùn sọnù. Ẹyọ 51 ló kù, lórí okùn méjì. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, àpò á lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, á sì tú ẹrù rẹ̀ síta.

Ibi tí a ó ti mọ̀ bóyá orúkọ wọ̀nyí gbé iṣẹ́ ni ọsibítù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi ínsúlíìnì ṣe oníhóró kí òun máa gbé e mì. Nọ́ọ̀sì á lè dáhùn pé: "Ìyá, ohun tí wọ́n sín pọ̀ ni. Bó bá dé inú ikùn, ikùn á já ìsínpọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń já ti ẹran, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́."