Lambo, Aró, àti ohun tí ìwé kejì wà fún

Láàrin oṣù yìí nìkan, mẹ́ta nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ rí ló ní kí n kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín kí ẹ lè lọ gba oyè másítà lókè òkun. Ohun kan náà ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ: ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí yóò ṣe aráàlú lóore, ẹ sì gbà pé ìwé sí i ló máa gbé yín débẹ̀. Màá kọ lẹ́tà náà, ẹ má ṣèyọnu. Àmọ́ Thomas Adéoyè Lambo ni mo máa ń rántí bí irú ìbéèrè yìí bá wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni mo rò pé a kì í sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí. Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta ní 1923, ó lọ sí Baptist Boys' High School, ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó parí ní 1948, ó tún lọ kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà dé ní 1954, ó di ọ̀gá ní Aró, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó di gíwá. Ìwé ló ń ti ìwé, oyè ló ń bí oyè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á rò pé bí ẹni gun àkàbà ni.

Ohun tí wọ́n máa ń fò níbẹ̀ ni ọdún bíi méjì tó wà láàrin ìwé àkọ́kọ́ àti ìkejì. Lambo wálé ní 1950, ó ṣe dókítà ìjọba, ó sì ṣiṣẹ́ dé ilẹ̀ Haúsá kí ó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1952. Dókítà ìjọba ayé ìgbà yẹn kò lè ṣàìmọ ibi tí wọ́n ń kó aláìsàn ọpọlọ sí. Ilé tí ìjọba ṣí ní Yábàá ní 1907 wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá lórí rẹ̀ láìsí oníṣègùn ọpọlọ kan tó kọ́ṣẹ́ náà níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Lántòrò ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí ogun Hitler ti dà lórí rú sí ní 1944. Ẹ̀wọ̀n ni Lántòrò tẹ́lẹ̀. Àtimọ́lé ni ìtọ́jú nígbà náà, ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọkùnrin tó lọ jókòó ní Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952 mọ iṣẹ́ tó ń dúró dè é nílé.

Nígbà tó fi máa padà dé ní 1954, ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aró kò tíì parí. Wọ́ọ̀dù tí aláìsàn yóò sùn kò tíì sí. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni, àbí ẹ ò rò bẹ́ẹ̀, a ó jókòó ti kọngílá ni, a ó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba lóṣooṣù. Lambo tọ àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ. Ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n háyà yàrá fún wọn. Òfin kan ló wà: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, àbúrò, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ fún oògùn, abẹ́rẹ́, tàbí ìtọ́jú iná mànàmáná. Bí ìtọ́jú bá parí, wọ́n á padà sí abúlé, ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ oko á bá wọn lọ sóko, ijó àti ayẹyẹ abúlé kò sì yọ ọ́ sílẹ̀.

Kí làwọn ará abúlé rí níbẹ̀? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àánú ti máa ń forí ṣánpọ́n. Owó ilé ń wọlé fún wọn. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbógun ti ẹ̀fọn sì ń yí ká. Lambo kò kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú wèrè. Ó jẹ́ kí wíwá aláìsàn di èrè fún abúlé, ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀ sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní Geel, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ó ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí àwọn ìdílé ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé Aró ni àkọ́kọ́ láyé. Àmọ́ ní Geel, ọ̀dọ̀ àjèjì ni aláìsàn ń gbé. Ní Aró, ẹbí rẹ̀ ló bá a wá. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ó tún mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọnú iṣẹ́ náà, láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Àwọn kan ní ó ń fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣeré. Kò gbé oògùn òyìnbó lé wọn lọ́wọ́ o. Iṣẹ́ wọn wà nídìí àjọṣe àwọn aláìsàn àti ìgbésí ayé wọn nínú abúlé, wọ́n sì la ojú àwọn dókítà sí bí aláìsàn ṣe lóye ohun tó ń ṣe é.

Ṣé kí n wá sọ pé ìwé Lọ́ńdọ̀nù kò wúlò? Rárá. Láìsí ìwé yẹn, ta ni ìjọba amúnisìn yóò gbà fún pé kí ó kó wèrè sínú abúlé? Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ìwé kan nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Ó ní bí ọpọlọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́ jọ ti òyìnbó tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gé iwájú ọpọlọ rẹ̀, ó sì ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó di àìsàn ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ìbínú lásán kò lè dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lóhùn. Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell kó àwọn olùwádìí jọ, wọ́n lọ láti ilé dé ilé ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé ti àgbègbè kan ní Kánádà. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ jọjọ láàrin àwọn Yorùbá. A ò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn náà ni, àmọ́ àwọn èèyàn wa mọ àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kejì ló fún Lambo ní ọ̀pá ìwọ̀n tó fi wọn irọ́ yẹn, tí ayé fi rí i.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù yín, ẹ sọ fún mi ní ìlà méjì iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tó borí yín. Ibo lẹ ti dé tí ọwọ́ yín kò ká a mọ́? Bí ẹ kò bá tíì débẹ̀, ẹ lọ ṣiṣẹ́ ọdún kan ná. Mi ò ní bínú. (Ẹ sì rọra ka ìwé náà, jàre. Raymond Prince, ará Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná tí wọn kò sì lè rí ìwé kà mọ́.)

Ó ku ohun kan tó ń dùn mí nínú ìtàn náà. Bí oyè ṣe ń pọ̀ ni Lambo ń jìnnà sí Aró: Ìbàdàn ní 1963, ipò gíwá ní 1968, Geneva ní 1971. Ètò abúlé náà kò gbóná mọ́ bíi tìgbà tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ dòní. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló pè é, ní 1973 wọ́n sì fi í ṣe igbá-kejì ọ̀gá àgbà, ipò tó wà títí di 1988. Àjọ yẹn kan náà ló tẹ ìwé Carothers jáde ní 1953.