Kàtídírà Canterbury àti Ọmọ Òṣoògùn

Nígbà tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì lo ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìlú àtijọ́ Canterbury. Ọdún 597 ni Augustine ti Róòmù mú ẹ̀sìn Kírísítì dé ibẹ̀. Inú kàtídírà ìlú náà ni àwọn jagunjagun mẹ́rin ti pa Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà, ní ọdún 1170. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ Becket ti ta sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wá wò.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá kan ló gbé tiwa débẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, inú kàtídírà yìí ni a ti fi Samuel Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà.

Àbígbẹ̀yìn mi bi mí pé, “Bàbá, kí ló dé tí àmì fi wà lábẹ́ orúkọ mi?” Mo fèsì pé ọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà nínú ìdí rẹ̀: òun ló ṣe alága ìpàdé tó fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875. Láìsí àmì wọ̀nyí, ta ni yóò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí oko?

Ẹ̀yìn ọlá náà kò dùn. Ní ọdún 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tàbùkù Crowther ní agbègbè odò Ọya. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Ní ọdún 2014, Justin Welby, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìgbà náà, tọrọ àforíjì ní Canterbury.

Àwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀. Àwa ńkọ́, tí a ń kọ orúkọ ọmọ wa láìfi àmì sí i? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a máa fi àmì sí orúkọ wa.