Apá Tó Ń Gbé Irin, Ẹsẹ̀ Tó Ń Sáré

Bí ẹ bá rìn wọ àdúgbò Kétu, Ìkòsí tàbí Alápẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àgbàlá kan tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń gbé irin. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní irin òyìnbó o. Ẹlòmíràn á ki páìpù bọ agolo ọ̀dà méjì, á da sìmẹ́ńtì sí i, ó parí, irin dé nìyẹn. Kí ẹ wá sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó bọ́ sójú títì kó sáré kìlómítà 5, ẹ ó gbọ́ èsì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ kí gbogbo ohun tí mo ti ń kó jọ láti ọdún méjì yìí yọ́ dànù ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Owó ẹyin àti owó ẹ̀wà ló wà nínú apá yẹn. Fún àwọn mìíràn, apá yẹn náà ni wọ́n fi ń jẹun, àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òde àríyá lálẹ́. Ṣùgbọ́n irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ nípa eré kan tí wọ́n ń pè ní triathlon, kí ojú rẹ̀ sì wọ̀ ọ́. Ènìyàn á lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á sáré, ọjọ́ kan náà, ìdíje kan náà, kò sí ìsinmi láàrin. Èyí tó kúrú nínú rẹ̀ jẹ́ 750 mítà nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, àti kìlómítà 5 lórí ẹsẹ̀. Ẹ wò ó, máìlì 12 jẹ́ kìlómítà 19 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé orúkọ ọjà wa ni kẹ̀kẹ́ yẹn fẹ́ gùn, pẹ̀lú èènì díẹ̀.

Ṣé kí ẹni tó fẹ́ dán an wò fún ìgbà àkọ́kọ́ ju irin nù ni? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé, ó sì ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé ju bí a ti rò lọ.

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń pín ara sí méjì. Àwọn ará Agbóyì tó wà lórí omi lẹ́bàá wa níbí, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Àjẹ̀ ń fún ènìyàn ní èjìká, ó sì ń fún un ní èémí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ sí ọjà Mile 12 ní ìdájí kí ẹ wo àwọn alábàárù tó ń sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ńlá. Ẹrù wúwo, ọ̀nà ṣe ẹrọ̀fọ̀, wọ́n á sì tún padà wá gbé òmíràn títí oòrùn fi máa mú. Iṣẹ́ wọn ló ń fún wọn lára. Ní tèmi o, ẹ̀kọ́ tó wà lára alábàárù kan ju èyí tó wà nínú àwòrán ọkùnrin olóròóró lára tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Àwọn ará Yúróòpù ló kọ́kọ́ sọ ara di ohun àfihàn báyìí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Eugen Sandow, tí wọ́n bí ní 1867 ní ìlú Königsberg, tó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà. Ó ń gbé irin lórí ìtàgé, ó ń ta ìwé, ó ń ta ohun èlò. Ní oṣù kẹsàn-án 1901 ó kó àwọn ọkùnrin jọ sí Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi ara wọn díje. Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, wà lára àwọn onídàájọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sáré dé ibì kankan. Wọ́n dúró, àwọn èèyàn wò wọ́n, wọ́n sì fún ẹni tí ara rẹ̀ dára jù lẹ́bùn.

Láti ìgbà náà ni ọ̀tá ti wọ àárín irin àti eré ìje. Àwọn tó ń kọ́ sárésáré, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò àti olùlúwẹ̀ẹ́ gbà pé ẹni tó bá ń gbé irin, iṣan rẹ̀ á dì, kò ní lè yí ọrùn, kò ní yára. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n bí ní Rọ́ṣíà, Peter Karpovich, tó ń kọ́ni ní Springfield College ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1940 àwọn agbérin wá ṣe àfihàn níbẹ̀, John Grimek sì wà nínú wọn. Karpovich dìde, ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Grimek jọ̀wọ́ bá òun họ ẹ̀yìn ara rẹ̀, láàrin ejìká méjèèjì. Ó rò pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀. Ọwọ́ dé ibẹ̀! Grimek tún ya ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ bí oníjó, ó tẹ ara, ìgbúnwọ́ rẹ̀ sì kan ilẹ̀. Ojú ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n: ó lọ wádìí ọ̀rọ̀. Ní 1951 òun àti Zorbas gbé ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 600, ìdajì wọn agbérin, ìdajì kò gbé irin rí. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ kan. Àwọn agbérin ló yára jù.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Nígbà tí Nnamdi Azikiwe dé sí Èkó ní 1937, kò pẹ́ tó fi dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá sílẹ̀, Zik's Athletic Club, tí ẹ̀yà gbogbo lè wọ̀. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ gbilẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, Hogan Bassey sì gba adé àgbáyé ní 1957. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tó fi agbára àti èémí sínú àpò kan, Dick Tiger ni kí á dúró ti.

Richard Ihetu lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Amaigbo, tí wọ́n bí ní 1929. Ó ṣòwò ní Aba kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool ní 1955. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà lọ́hùn-ún, wọ́n nà án nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dúró. Ní oṣù kẹwàá 1962 ó gba adé lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco. Ní 10 oṣù kẹjọ 1963 Fullmer kan náà wá bá a ní Liberty Stadium, Ìbàdàn, ìjà adé àgbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò jáde mọ́.

Ẹni tó bá mọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìgbà náà mọ̀ pé abala 15 ni ìjà adé, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ìyẹn ìṣẹ́jú 45 tí ènìyàn ń ju ẹ̀ṣẹ́, tó sì ń jẹ ẹ̀ṣẹ́. Agbára nìkan kò tó o. Ìdájí ni àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò fi ń sáré ojú títì kí wọ́n tó wọlé lọ lu àpò. Nígbà tó di oṣù kejìlá 1966, Tiger ti pé ọmọ ọdún 37, ó fi ìpele tí kò gbọdọ̀ ju kílò 72 àti ààbọ̀ sílẹ̀, ó gòkè sí èyí tó dé kílò 79, ó sì lu José Torres fún abala 15 gbáko ní New York. Ṣé ẹ rí i, èémí rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ bó tilẹ̀ bá àwọn tó wúwo jà. Ṣùgbọ́n ara ní ààlà. Ní oṣù karùn-ún 1968 Bob Foster, tó ga jù ú lọ púpọ̀, gbé e ṣánlẹ̀ ní abala kẹrin. Tiger kú ní Aba ní oṣù kejìlá 1971.

Triathlon kò tíì sí nígbà tó kú. Ní 25 oṣù kẹsàn-án 1974, ọdún kan ó lé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ènìyàn 46 péjọ ní Mission Bay, San Diego, ní Amẹ́ríkà. Jack Johnstone àti Don Shanahan ló ṣètò rẹ̀. Ní Hawaii, ìjiyàn ló bí tiwọn: àwọn sárésáré ní àwọn ló le jù, àwọn olùlúwẹ̀ẹ́ ní irọ́ ni. Ọmọ ogun ojú omi kan, John Collins, ní kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ìjà parí. Ní 18 oṣù kejì 1978, ènìyàn 15 bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Gordon Haller gba ipò kìíní ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Ẹni tó ṣe ipò kejì, John Dunbar, omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá ń fún un ní bíà. Ẹ má ṣe é ní Kétu o.

Nínú àwọn ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ àgbàlá wa ń bẹ̀rù di ohun tí wọ́n wọ̀n. Ọ̀dọ́ agbérin kan, Robert Hickson, lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n John Holloszy ní St. Louis. Holloszy a máa sáré lójoojúmọ́, Hickson náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá rẹ̀ sáré. Kò pẹ́, ó rí i pé ara òun ń fọn, agbára òun ń lọ. Nígbà tó dá dúró, ó fi ọ̀sẹ̀ 10 wádìí rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1980. Àwọn kan gbé irin ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àwọn kan sáré wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́ ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn kẹta ṣe méjèèjì pọ̀. Agbára ẹsẹ̀ àwọn agbérin fi ìdá 44 nínú 100 pọ̀ sí i. Ti àwọn tó ṣe méjèèjì jẹ́ 25 péré. Tiwọn náà ń gòkè bọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méje, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò gbé irin rárá.

Ó dà bíi pé ọmọ Kétu jàre. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ ka iye ìgbà náà: márùn-ún àti mẹ́fà, mọ́kànlá lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì le. Ta ni kò ní rọ̀ lábẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Hickson kan náà padà sídìí ọ̀rọ̀ ní 1988. Ó mú àwọn tó ti ń sáré tí wọ́n sì ń wa kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀, ó fi irin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn kò sanra, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, àwọn tó ń rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 71 tẹ́lẹ̀ wá dé 85. Irin tí wọ́n ní ó máa ba eré jẹ́ ló tún eré ṣe.

Àwọn tó ṣírò ìwádìí púpọ̀ pọ̀ ní 2012 sọ pé eré sísá ló ń jẹ iṣan ju kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn mìíràn ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n ní iṣan àti agbára kì í dín kù bí ènìyàn bá ṣe méjèèjì pọ̀. Agbára òjijì, bíi ti fífò, ló ń dín kù díẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ṣe méjèèjì ní ìjókòó kan. Èmi rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀ gan-an láti 1980.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe triathlon kúkúrú àkọ́kọ́ lè fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún irin, kó gbé èyí tó wúwo, kó má pẹ́ nídìí rẹ̀. Kó má sáré kíkan kíkan kó tó gbé irin ẹsẹ̀. Bó bá ṣe ọ̀kan láàárọ̀, kó ṣe èkejì nírọ̀lẹ́. Kó fi kẹ̀kẹ́ ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ ojú títì Ìkòròdú kọ́ ni ibi ìkọ́ṣẹ́ o. Dánfó kò mọ ẹni tó ń múra ìdíje. Ọ̀nà inú ẹ̀sítéètì láàárọ̀ kùtù Sunday sàn jù. Oúnjẹ ńkọ́? Kó má dín in kù. Ẹni tó ń gbé irin tó tún ń sáré, tó wá ń jẹun bí ẹni tó jókòó sílé, òun gan-an ló ń jẹ apá ara rẹ̀.

Omi ló ń bà mí lẹ́rù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017, wọ́n ka ènìyàn 135 tó kú tàbí tí ọkàn wọn dá sílẹ̀ nínú triathlon láàrin 1985 àti 2016. Omi ni 90 nínú wọn wà, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù. Ọmọ tó fi irin kọ́ àyà, ara rẹ̀ wúwo nínú omi ju ti ẹlẹ́ran ọ̀rá lọ, kò sì ní jẹ́wọ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Odò Ògùn tó kọjá lẹ́yìn Mile 12 kọ́ ló yẹ kó ti lọ kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, àwọn ọmọ Agbóyì gan-an tó ti ń wẹ̀ láti kékeré máa ń sá fún un. Kó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ni, tó ní olùṣọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó ilẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, kó kàn kọ́ bí a ṣe ń ki ojú bọ omi, kí á sì máa mí èémí jáde níbẹ̀. Ìgbà tó bá lè wẹ 750 mítà láì di ẹ̀gbẹ́ mú, kó tó lọ forúkọ sílẹ̀.