Ta Ló Ń Sọ Ọkọ̀ Lórúkọ? Ìnagijẹ Ohun Ìlò ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Ìnagijẹ ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ènìyàn tàbí nǹkan yàtọ̀ sí orúkọ àbísọ rẹ̀, nítorí ìrísí, ìwà tàbí ìtàn kan tó rọ̀ mọ́ ọn. Láàrin àwọn amutábà ilẹ̀ òyìnbó, àwọn kan wà tí wọ́n ń fún ìkòkò tábà wọn ní ìnagijẹ, tí ó jẹ́ pé ẹni tó ni ìkòkò náà ló ń sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú àṣà Yorùbá, ẹni tó ni nǹkan kọ́ ló sábà máa ń fún un ní ìnagijẹ. Ẹni tí nǹkan náà kàn lójoojúmọ́ ni.

Agbo ilé ni àpẹẹrẹ èyí ti kọ́kọ́ hàn. Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ àbísọ, kódà kí onítọ̀hún jẹ́ ọmọdé tí ń rá. Ó ní láti wò ó dáadáa kí ó tó mọ̀ bóyá Adúmáadán ni yóò pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó dúdú tó ń dán, tàbí Eyínmẹ́nugún, nítorí eyín tó bu ẹwà kún ẹnu rẹ̀. Òbí ló bí ọmọ, àmọ́ ojú àlejò ló rí ìnagijẹ.

Ojú kan náà ni àwọn èrò fi ń wo ọkọ̀ ní Ifọ̀, tí rélùwéè ti gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn ní 1901, àti ní Mowe pẹ̀lú Ibafo, tí wọ́n wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Kò sí ọlọ́kọ̀ onípákó ayé àtijọ́ tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ Bọlẹ̀kájà, ìyẹn "bọ́ sílẹ̀ kí á jọ jà", sára ọkọ̀ rẹ̀. Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó pè é; àwọn èrò ló gba orúkọ yìí, tí wọ́n fi ta alùpùpù lọ́rẹ, bí ẹni pé èyí tó ń yọ́ kọjá láàrin sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ń fò ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di máruwá nítorí Buba Marwa, ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999, láìsí òfin ìjọba kankan tó sọ bẹ́ẹ̀.

A lè jiyàn pé irú ọkọ̀ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí, wọn kì í ṣe ti ọkọ̀ kan ṣoṣo bí ti ìkòkò amutábà. Òótọ́ ni, onímọ́tò náà sì máa ń fẹ́ kí tirẹ̀ dá yàtọ̀: òun ló ń ní kí wọ́n kun "Iṣẹ́ Olúwa" sẹ́yìn ọkọ̀. Àmọ́ èrò tó ń ti Mowe lọ sí Ọ̀fàdà, tí orúnkún rẹ̀ ń kan ti ẹnìkejì, kò ní sọ pé òun wọ Iṣẹ́ Olúwa. Kòrópe, ìyẹn ọkọ̀ akérò kékeré, ló wọ̀. Ìgbà tí ó bá gbàgbé àpò gaàrí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní Ibafo, tí ó sì sáré padà sí gárèjì, ni yóò tó máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn agbèrò pé níbo ni Iṣẹ́ Olúwa wà.