Ìrẹsì Kérésì: Bó Ṣe Kúrò Ní Oúnjẹ Ọdún

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló máa ń gbẹnu wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà léèrè: iyán, àmàlà àti ẹ̀kọ ni wọ́n fi dàgbà. Ìrẹsì òun adìyẹ, ó di ọjọ́ Kérésì.

Owó epo rọ̀bì ló yí i padà. Láàárín 1970 sí 1980, náírà lágbára, ìrẹsì òkèèrè sì ń rọ́ wọlé láti èbúté. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ìjọba fòfin dè é ní 1985, wọn ò sì tú òfin náà títí di 1995. Ta ló wá ṣíwọ́ jíjẹ ẹ́? Ọ̀nà Kútọnu ni àwọn onífàyàwọ́ ń gbé e gbà. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba ti ẹnu ibodè pa, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọ̀fádà (tí a ti ń fi òkúta inú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí) ti di oúnjẹ olówó ní tirẹ̀.

Lójú tiwa, abọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní Kérésì, à ń gbé ìrẹsì lọ fún àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí. Ní Iléyá, ẹran á padà wá. Bí àpò ìrẹsì ṣe ń wọ́n sí i, iye abọ́ tó ń jáde nílé wa ń dín kù.